Ọjà Tó Mọ Oníbàárà: Láti Apòmù Dé Orí Ayélujára

Ẹni tó bá ń gba ojú ọ̀nà Ìbàdàn lọ sí Ilé-Ifẹ̀ kò lè ṣàì mọ Ìkirè, ìlú Akirè, níbi tí àwọn obìnrin ti ń ta dòdò Ìkirè, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà tó ti rọ̀ dáadáa, tí wọ́n fi ata àti iyọ̀ pò kí wọ́n tó dín in. Ìyá tó ń tà á lè má ní ìwé àkọsílẹ̀ kankan, síbẹ̀ ó mọ oníbàárà rẹ̀. Ó mọ ẹni tó máa ń rà á lọ́pọ̀, ó mọ ẹni tí kì í lọ láìgba èènì, ó sì mọ ẹni tó jẹ òun ní gbèsè. Ojú àti ohùn ló fi ń dá wọn mọ̀. Oníbàárà náà sì mọ̀ pé ìyá yìí mọ òun. Kò sí àṣírí níbẹ̀.

Ọjà orí íntánẹ́ẹ̀tì kò rí ojú ẹnikẹ́ni, kò sì gbọ́ ohùn. Síbẹ̀, ẹni tó bá wo bàtà lórí rẹ̀ lónìí yóò rí bàtà kan náà tí yóò máa tẹ̀ lé e kiri lọ́la, láti ojú ìwé ìròyìn dé ojú ìwé eré bọ́ọ̀lù. Ọjà náà ti dá a mọ̀. Ọ̀nà tí ó gbà dá a mọ̀ kò hàn sí ọ̀pọ̀ ènìyàn, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí ó ń pa ìrántí náà mọ́ kò hàn. Ọ̀rọ̀ tuntun kọ́ ni ọ̀rọ̀ yìí nílẹ̀ Yorùbá. Apòmù, ìlú tó wà nítòsí Ìkirè gan-an, ti kọ́ ẹ̀kọ́ rẹ̀ rí, ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n sì fi san owó ẹ̀kọ́ náà.

Oríta ọjà àti orí baálẹ̀

Kí ìjọba òyìnbó tó dé, Apòmù ni ojúko ọjà tí àwọn ará Ọ̀yọ́, Ifẹ̀, Òwu àti Ìjẹ̀bú ti ń pàdé. Samuel Johnson, àlùfáà tó parí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ ní ọdún 1897, tí wọn kò sì tẹ̀ ẹ́ jáde títí di ọdún 1921 lẹ́yìn ikú rẹ̀, sọ púpọ̀ nípa ọjà yìí. Ohun tó sọ ọjà náà di olókìkí ni pé ó wà ní oríta. Ohun kan náà ló sọ ọ́ di eléwu. Ẹni tó ti ọ̀nà jíjìn wá kò ní ẹbí níbẹ̀. Irú wọn ni àwọn gbọ́mọgbọ́mọ ń dọdẹ, tí wọ́n ń tà sọ́nà Ìjẹ̀bú, tí ọ̀pọ̀ fi ń dé etí òkun.

Láyé ìgbà náà, ojú ni ènìyàn fi ń gbé ìwé ìdánimọ̀ rẹ̀ kiri. Àbàjà, pélé, gọ̀ǹbọ́ àti kẹ́kẹ́ ń sọ ìlú àti ìdílé ẹni kí ẹni tó la ẹnu. Ilà wúlò: bí ogun bá tú ìlú, òun ni ará ilé ẹni yóò fi dá ẹni mọ̀ láàrin àjèjì. Ṣùgbọ́n ilà kò mọ ẹni tó ń kà á. Àmì kan náà tó ń wí fún ọ̀rẹ́ pé ọmọ Ọ̀yọ́ nìyí, ó ń wí fún ọ̀tá pẹ̀lú pé àlejò tí ilé rẹ̀ jìnnà nìyí.

Johnson kọ ọ́ pé ní ayé Aláàfin Abíọ́dún, àṣẹ ti Ọ̀yọ́ wá pé kí Olówu àti baálẹ̀ Apòmù má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jí ọmọ Ọ̀yọ́ tà ní ọjà náà. Ọmọ ọba kan tó ń jẹ́ Awólẹ̀, tó ń ṣòwò kiri nígbà náà, ta ọ̀rẹ́ tirẹ̀ tó ń bá a ru ẹrù. Baálẹ̀ pa àṣẹ mọ́. Ó gba ẹni tí wọ́n tà padà kí wọ́n tó mú un dé ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, ó sì wá Awólẹ̀ rí. Nítorí pé ọmọ ọba ni, wọn kò pa á. Wọ́n nà án lẹ́gba gidigidi, wọ́n sì jọ̀wọ́ rẹ̀.

Awólẹ̀ kò gbàgbé. Nígbà tó gorí ìtẹ́ Aláàfin, tí àwọn ìjòyè bi í léèrè ọ̀tá tí ó fẹ́ kí wọ́n gbógun lọ bá gẹ́gẹ́ bí ìṣe ọba tuntun, baálẹ̀ Apòmù ló dárúkọ. Baálẹ̀ sá lọ sábẹ́ Ọọ̀ni ní Ilé-Ifẹ̀. Nígbà tó rí i pé òun lè fa ìparun bá ìlú, ó pa ara rẹ̀, ó sì ní kí wọ́n gé orí òun lọ fún Aláàfin láti fi tù ú lójú. Ohun tí oníṣòwò kan rántí lọ́jà di ohun tí ọba rántí lórí ìtẹ́. Ìrántí náà kò yí padà; ọwọ́ tó dì í mú ló yí padà.

Lẹ́yìn ikú Awólẹ̀, agbára Ọ̀yọ́ ń rọ̀, àṣẹ tó ń ṣọ́ ọjà Apòmù sì rọ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Ìjínigbé padà sẹ́nu iṣẹ́. Tóyèjẹ, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò tó wà ní Ògbómọ̀ṣọ́, àti Oníkòyí ránṣẹ́ sí Olówu pé kó fòpin sí i, Òwu sì kọlu àwọn ìlú kan ní ilẹ̀ Ifẹ̀. Ìjà wá ti ibẹ̀ di ìran. Nígbà tí ìjà mìíràn tún ṣẹlẹ̀ lọ́jà Apòmù láàrin ará Òwu àti ará Ìjẹ̀bú lórí atare, Ìjẹ̀bú darapọ̀ mọ́ Ifẹ̀, wọ́n dó ti Òwu fún ọdún mélòó kan, ìlú náà sì tú láàrin ọdún 1820 sí 1829. Ọ̀kan lára àwọn ogun tó yí ilẹ̀ Yorùbá padà pátápátá ló ti ibi ọjà tí kò ní alábòójútó mọ́ bẹ̀rẹ̀.

Oníbodè tó ń béèrè ibi tí a ti wá

Ọjà ayélujára ní ohun méjì tó fi ń dá oníbàárà mọ̀. Èkíní ni àdírẹ́sì IP. Gbogbo ẹ̀rọ tó bá ń lo íntánẹ́ẹ̀tì gbọ́dọ̀ ní nọ́ńbà tí èsì yóò bá wá. Bí fóònù bá béèrè ojú ìwé kan, nọ́ńbà yìí ni yóò kọ́kọ́ fi hàn, gẹ́gẹ́ bí arìnrìn-àjò ṣe gbọ́dọ̀ sọ ibi tó ti ń bọ̀ fún oníbodè kó tó wọ ìlú. Kò sí bí ènìyàn ṣe lè fi í pamọ́ pátápátá, nítorí ẹni tí kò sọ ibi tí a ó fi èsì ránṣẹ́ sí kò ní rí èsì gbà.

Oṣù Kẹsàn-án ọdún 1981 ni wọ́n kọ òfin irú nọ́ńbà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣì ń lò lónìí. Iye rẹ̀ lé díẹ̀ ní bílíọ̀nù mẹ́rin. Nígbà náà, ó jọ pé kò lè tán láéláé. Ó tán. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kejì ọdún 2011, wọ́n pín ìyókù tó wà nínú àpò gbogbogbòò fún àwọn àjọ márùn-ún tó ń bójú tó o káàkiri àgbáyé. Ti Áfíríkà ni AFRINIC, tó fìdí kalẹ̀ sí erékùṣù Mauritius, tí wọ́n sì fọwọ́ sí ní ọdún 2005.

Nítorí ọ̀wọ́n yìí, àwọn ilé iṣẹ́ fóònù máa ń kó ọ̀pọ̀lọpọ̀ oníbàárà sẹ́yìn àdírẹ́sì kan ṣoṣo. Akẹ́kọ̀ọ́ tó jókòó sí ọgbà Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun tó wà ní Ìkirè lè ṣí fóònù rẹ̀, kí ojú òpó tó ń bẹ̀wò sì máa rò pé Èkó ló wà, nítorí pé Èkó ni ọ̀nà ilé iṣẹ́ fóònù náà ti já sí ayé. Àdírẹ́sì tó lò láàárọ̀ lè ti bọ́ sí ọwọ́ ẹlòmíràn kí ilẹ̀ tó ṣú. Ìdí nìyí tí àdírẹ́sì IP fi dà bí orúkọ agbo ilé ju orúkọ ènìyàn lọ: ó ń sọ ẹnu ọ̀nà tí ẹni náà gbà jáde, kò sọ ẹni tó jáde.

Àìmọ ìyàtọ̀ yìí ti pa ọ̀pọ̀ ènìyàn lára. Láyé tí ilé káfẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì gbòde ní Nàìjíríà, lẹ́yìn ọdún 2000, kọ̀ǹpútà ogún lè wà nínú ilé kan kí gbogbo wọn máa gba àdírẹ́sì kan jáde. Bí ẹnìkan bá fi ọ̀kan nínú wọn lu jìbìtì, ẹni tó jókòó tì í tó ń wá iṣẹ́ lórí ayélujára ni ilẹ̀kùn yóò tì mọ́ pẹ̀lú rẹ̀. Àwọn ilé ìtajà òkèèrè kan tilẹ̀ ti ilẹ̀kùn mọ́ gbogbo àdírẹ́sì tó bá ti Nàìjíríà wá. Oṣù Kẹfà ọdún 2014 ni ilé iṣẹ́ PayPal ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà kí àwọn ará Nàìjíríà máa fi í sanwó, nígbà náà pàápàá, wọn kò lè fi í gbowó. Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn lóru. Ṣùgbọ́n oníbodè tó bá fi ìyà ẹnìkan jẹ gbogbo ìlú kò tíì mọ iṣẹ́ rẹ̀.

Àrokò tí ẹni tó gbé e kò lè kà

Ohun kejì ni kúkì. Láti ìpilẹ̀ṣẹ̀ ni òfin ìbánisọ̀rọ̀ ayélujára, tí Tim Berners-Lee àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé kalẹ̀ ní ilé ìwádìí CERN, ti jẹ́ onígbàgbé. Gbogbo ìbéèrè tó bá wọlé, bí ti àlejò tuntun ni. Ojú òpó fún ẹni ní ìwé tó béèrè, ó sì gbàgbé rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Èyí dára fún ẹni tó ń kàwé lásán. Kò dára fún ẹni tó ń rajà. Bí ènìyàn bá ti ju ìwé kan sínú apẹ̀rẹ̀ tó sì yíjú sí òmíràn, olùtajà yóò ti gbàgbé pé ó mú ohunkóhun.

Ní ọdún 1994, ọ̀dọ́kùnrin onímọ̀ kọ̀ǹpútà kan, Lou Montulli, tó ń ṣiṣẹ́ ní Netscape ní Amẹ́ríkà, rí ojútùú sí i. Ilé iṣẹ́ MCI fẹ́ ṣí ọjà orí ayélujára, ṣùgbọ́n wọn kò fẹ́ kí ẹ̀rọ tiwọn máa ru ẹrù ìrántí ọjà tí àwọn ènìyàn kò tíì rà tán. Montulli ní kí olùtajà kọ àmì kékeré kan fún oníbàárà, kí buráúsà oníbàárà fi í pamọ́, kó sì máa fi í hàn nígbàkúùgbà tó bá padà wá. Ó sọ ọ́ ní kúkì, orúkọ tí àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà ti ń pe irú àmì bẹ́ẹ̀ ṣáájú rẹ̀.

Yorùbá ní ohun tó jọ ọ́: àrokò. Ẹni tó fẹ́ ránṣẹ́ a sín owó ẹyọ pọ̀, a fi ìyẹ́ tàbí nǹkan mìíràn kún un, a sì fi lé ìránṣẹ́ lọ́wọ́. Ìránṣẹ́ gbé e délé ẹni tí a fi ránṣẹ́ sí, kò sì ní láti mọ ohun tó ń wí. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni kúkì. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ju ọ̀wọ́ nọ́ńbà àti lẹ́tà tó gùn lọ. Ìtumọ̀ rẹ̀ wà nínú ìwé olùtajà. Ìyàtọ̀ kan wà, ìyàtọ̀ náà sì tóbi: nínú ọ̀rọ̀ kúkì, ìránṣẹ́ tó gbé àrokò náà lọ́wọ́ ni ẹni tí àrokò ń sọ̀rọ̀ rẹ̀.

Kúkì kì í ṣe ohun ibi. Láìsí irú àmì bẹ́ẹ̀, ẹni tó wọ inú àkáǹtì báńkì rẹ̀ lórí ayélujára yóò máa tẹ ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀ ní gbogbo ojú ìwé tó bá ṣí. Montulli sì fi ìdènà kan sí i láti ìbẹ̀rẹ̀: ojú òpó tó fúnni ní kúkì nìkan ló lè gbà á padà. Ọjà Ìkirè kò lè ka àmì tí ọjà Apòmù fi sí oníbàárà lára. Ète rẹ̀ ni pé kí ẹnikẹ́ni má lè tọ ẹsẹ̀ ènìyàn láti ọjà kan dé òmíràn.

Ọmọ iṣẹ́ tó wà ní gbogbo ọjà

Ìdènà yẹn ní ihò. Ojú ìwé kan lórí ayélujára kì í sábà ti ọ̀dọ̀ ẹnìkan ṣoṣo wá. Ìròyìn lè ti ọ̀dọ̀ oníwèé ìròyìn wá, kí ìpolówó ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ti ọ̀dọ̀ ilé iṣẹ́ mìíràn wá, ilé iṣẹ́ kejì yìí náà sì lè fúnni ní kúkì tirẹ̀. Bí ó bá ní ìpolówó lórí ẹgbẹ̀rún ojú òpó, yóò rí ẹni kan náà ní ẹgbẹ̀rún ibi. Ó dà bí ìgbà tí ọkùnrin kan bá ní ọmọ iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní ọjà Apòmù, ní Ìkirè, ní Gbọ̀ngán àti ní Òjé n'Ìbàdàn, tí gbogbo wọn ń kọ ohun tí obìnrin kan rà, iye tó ná àti ẹni tó bá sọ̀rọ̀. Ìyá alátà mọ̀ pé ó ra ata. Ìyá aláṣọ mọ̀ pé ó ra aṣọ. Ọkùnrin yẹn nìkan ló mọ̀ pé ó ra aṣọ funfun lẹ́yìn tó ra egbòogi aláìsàn.

DoubleClick, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Amẹ́ríkà ní àárín àwọn ọdún 1990, sọ ọgbọ́n yìí di òwò ńlá. Ní ọdún 2007 ni Google kéde pé òun yóò rà á ní bílíọ̀nù 3.1 dọ́là. Kò sí ẹni tó ń san iye bẹ́ẹ̀ nítorí àwòrán ìpolówó lásán. Ìrántí ni wọ́n rà.

Ìkìlọ̀ kò ṣàì wáyé. Ní oṣù Kejì ọdún 1996, ìwé ìròyìn Financial Times tú àṣírí kúkì fún gbogbo ayé. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, àwọn onímọ̀ tó kọ òfin kúkì sílẹ̀ dá a lábàá pé kí buráúsà má gba kúkì ẹni kẹta àyàfi bí oníbàárà bá fẹ́. Àwọn tó ń ṣe buráúsà ńlá ìgbà náà kò tẹ̀ lé e. Ó di ọdún 2019 kí Firefox tó bẹ̀rẹ̀ sí í dènà irú kúkì bẹ́ẹ̀ fún gbogbo ènìyàn, àti 2020 kí Safari tó dènà gbogbo rẹ̀. Google, tó ni Chrome, ṣèlérí ní oṣù Kìíní ọdún 2020 pé òun náà yóò fòpin sí i láàrin ọdún méjì. Ní oṣù Keje ọdún 2024, ó yí ohùn padà.

Bí kúkì tilẹ̀ kásẹ̀ nílẹ̀, ilà ojú ṣì wà. Gígùn ojú fóònù, èdè tí a fi ṣètò rẹ̀, aago ìlú tó ń tẹ̀ lé, irú lẹ́tà tó wà nínú rẹ̀: bí a bá kó gbogbo wọn pọ̀, wọ́n lè dá ẹnìkan yàtọ̀ láàrin ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ní ọdún 2010, àjọ EFF ní Amẹ́ríkà dán an wò lára buráúsà tó lé ní 470,000, ó sì rí i pé ó lé ní 83 nínú 100 tí kò ní ẹlẹgbẹ́. Ènìyàn lè pa kúkì rẹ́ pẹ̀lú ìka kan. Irú ilà yìí kò rọrùn láti pa rẹ́.

Ìyọ̀ǹda àti ẹni tó ń ṣọ́ ọjà

Nàìjíríà ti ní ìrírí kan lórí ọ̀rọ̀ ilà. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti ọdún 2003 ka ilà kíkọ sí ara ọmọdé léèwọ̀. Àwọn tó ṣe òfin náà kò sọ pé àwọn baba ńlá ya òmùgọ̀. Ohun tí òfin ń wí ni pé ara ọmọ kì í ṣe ìwé tí ẹlòmíràn lè kọ ọ̀rọ̀ sí láìgba ìyọ̀ǹda rẹ̀. Ó gba ogún ọdún gbáko kí orílẹ̀-èdè náà tó sọ ohun tó jọ ọ́ nípa àmì orí ayélujára. Lóòótọ́, abala 37 nínú ìwé òfin ọdún 1999 ti dáàbò bo àṣírí ará ìlú, ìlànà sì jáde ní ọdún 2019. Ṣùgbọ́n ọjọ́ 12 oṣù Kẹfà ọdún 2023 ni Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú fọwọ́ sí òfin ìdáàbòbò dátà, èyí tó dá àjọ NDPC sílẹ̀. Òfin náà ń béèrè ìyọ̀ǹda tó mọ́ gaara.

Ìjọba fúnra rẹ̀ kò sì ṣàì jókòó síbi ìrántí. Òfin ìwà ọ̀daràn orí ayélujára ti ọdún 2015 pàṣẹ pé kí àwọn ilé iṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀ máa pa àkọsílẹ̀ ìrìnkèrindò oníbàárà mọ́ fún ọdún méjì. Àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ lè mú olè. Ó sì lè bọ́ sí ọwọ́ Awólẹ̀ tuntun tí ẹgba àná ṣì ń ta lára. Ìdí nìyẹn tí kò fi tó pé kí òfin máa ṣọ́ oníṣòwò nìkan.

Ẹ̀rí wà pé òfin lè ṣiṣẹ́ bí ẹnìkan bá dìde. Ní oṣù Keje ọdún 2024, àjọ FCCPC bu owó ìtanràn 220 mílíọ̀nù dọ́là lé Meta, tó ni Facebook àti WhatsApp, lórí bí ó ṣe ń lo dátà àwọn ará Nàìjíríà. Meta kò gbà, ó pẹjọ́. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2025, ilé ẹjọ́ ìdíje òwò fara mọ́ ìdájọ́ àjọ náà. Ilé iṣẹ́ tó tóbi ju ọ̀pọ̀ ìjọba lọ ni wọ́n pè wá sẹ́nu ibodè.

Ṣùgbọ́n ìyọ̀ǹda tí òfin ń sọ, ojoojúmọ́ ni wọ́n ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Àpótí kékeré kan yóò yọ sójú fóònù, gẹ̀ẹ́sì ni ọ̀rọ̀ inú rẹ̀, bọ́tìnì tó ń sọ pé bẹ́ẹ̀ ni yóò tóbi, yóò sì láwọ̀, ti bẹ́ẹ̀ kọ́ yóò farapamọ́ sí ìsàlẹ̀. Ìyá arúgbó tó fẹ́ ka ìròyìn yóò tẹ èyí tó tóbi. Ìyọ̀ǹda tí a gbà lẹ́nu ẹni ní èdè tí kò gbọ́ kì í ṣe ìyọ̀ǹda. Bí àwọn báńkì àti ilé iṣẹ́ fóònù bá lè kọ ìpolówó wọn ní Yorùbá nígbà tí wọ́n ń wá oníbàárà, wọ́n lè kọ ìbéèrè yìí náà ní Yorùbá. Kí àjọ NDPC sọ ọ́ di dandan.

Ní tòótọ́, kò sí ọjà tó lè ṣiṣẹ́ láìmọ oníbàárà rẹ̀. Ohun tó yẹ kí ará ìlú máa béèrè ni pé ta ló kọ àmì náà, ta ló ń kà á, títí di ìgbà wo, àti pé ta ni baálẹ̀ tó lè dá ẹni tó bá ṣì í lò lẹ́kun. Baálẹ̀ Apòmù dá ọmọ ọba lẹ́kun, ó gba ẹrú padà sílé, ó sì fi orí ara rẹ̀ dí i. Àwọn tí ìjọba fi ṣọ́ ọjà òde òní kò ní san tó bẹ́ẹ̀. Kí wọ́n ṣáà má ṣe sùn lẹ́nu ibodè.